Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ló yẹ ká ti bi wọ́n léèrè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní Àkànní ọmọ òun ti lé lọ́dún méjì, kò tíì sọ "mọ́mì", kò tíì sọ "gbà", kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé sáyẹ́ǹsì nílé wa, kí lo rò?" Èmi tí mò ń ṣe másítà nínú bàòkẹ́místírì, èmi tí mo lè ya bí ṣúgà ṣe ń di agbára nínú sẹ́ẹ̀lì láì wo ìwé, mo dá a lóhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, àwọn ọmọkùnrin máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Einstein gan-an, wọ́n ní ó pẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn òun ti balẹ̀. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa owó epo, a sì pa fóònù.

Níbo ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Einstein yẹn? Lórí Twitter. Mi ò wádìí ẹ̀ rí. Nínú láàbù, bí ẹnikẹ́ni bá mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láì ní ẹ̀rí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ nígbà tó kan ọmọ ilé wa, ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi dáhùn, ìdáhùn yẹn sì gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Kì í ṣe èmi nìkan ṣá. Ilé ìwòsàn kan tí wọ́n gbé e lọ (mi ò ní dárúkọ wọn), dókítà ibẹ̀ ò wo ojú ọmọ náà tó ìṣẹ́jú méjì tó fi sọ ohun kan náà tí mo sọ: "Ọkùnrin ni, á sọ̀rọ̀ tó bá yá." Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá omi tí odídẹrẹ́ mu kù, ká fún un mu. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹlòmíràn ní fóònù tí ìyá ẹ̀ máa ń gbé fún un wò ló gba ohùn lẹ́nu ẹ̀. Olúkúlùkù ló ní ìdí kan tó mú dání, kò sì sí ẹnì kankan tó béèrè pé kí ni ọmọ náà ń ṣe gan-an láti àárọ̀ di alẹ́.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Bí ẹ bá pè é, kò ní yíjú. Kódà bí ìyá ẹ̀ bá ki oríkì ẹ̀ dé ìdí, kò ní yíjú. Àmọ́ ẹ kàn ya ọ̀rá Indomie ní kíṣìnnì, á sáré dé. Ó máa ń to agolo mílíìkì sórí ìlà, kékeré sí ńlá, bí ẹ bá sì yọ ọ̀kan, ẹkún á sọ. Ó lè yí ọmọrí ìkòkò nílẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá fẹ́ omi, kò ní nàka sí kúlà. Á di ọwọ́ yín mú, á fà yín lọ síbẹ̀, á gbé ọwọ́ yín lé e lórí bí ẹni pé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ tó máa fi ṣí i.

Ìgbà tí mo wá fi ojú ara mi rí èyí nígbà ọdún Àjíǹde ni ara mi tutù. Mo padà sí yàrá mi, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó yẹ kí n ti kà kí n tó la ẹnu mi.

Orúkọ tí mo ń bá pàdé ṣáá nínú ohun tí mò ń kà ni Bọ́lájókòó Olúsànyà. Dókítà ọmọdé ni, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì dá Centre for Healthy Start Initiative sílẹ̀ níbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ní ìṣòro ìgbọ́ràn, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó yà mí lẹ́nu pé mo lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, mo tún padà fún másítà, mi ò gbọ́ orúkọ yìí rí lẹ́nu olùkọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ a gbọ́ ti gbogbo òyìnbó tó ti gba ẹ̀bùn Nobel.

Lọ́dún 2018, òun ló ṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n gbé ìwádìí jáde nínú Lancet Global Health. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni iye àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pé márùn-ún tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìpèníjà ìdàgbàsókè ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 195, láti 1990 sí 2016. Mẹ́fà ni wọ́n kà: wárápá, àìríran dáadáa, àìgbọ́ràn dáadáa, ìpèníjà làákàyè, ọ́tísíìmù, àti ADHD, ìyẹn àìlèfarabalẹ̀ tó kọjá ti ọmọdé lásán.

Lọ́dún 1990, iye àwọn ọmọ náà jẹ́ mílíọ̀nù 53.0. Lọ́dún 2016, ó jẹ́ mílíọ̀nù 52.9. Ẹ tún un kà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nǹkan ò kúrò lójú kan. Nínú gbogbo ọmọ 100 tó ní ìpèníjà wọ̀nyí, 95 ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n, bíi tiwa. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà, ńṣe ni iye wọn ń pọ̀ sí i.

Ẹ wá fi èyí wé ikú ọmọdé. Lọ́dún 1990, àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 12 ló ń kú káàkiri ayé kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Nígbà tó fi máa di 2016, iye yẹn ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.6. Iṣẹ́ ńlá ni, kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́. Àmọ́ ohun tí ìwádìí Olúsànyà ń bi wá léèrè ni pé: ọmọ tí kò kú yẹn, kí la ṣe fún un lẹ́yìn náà?

Ilẹ̀ wa la ti ń kí ìyá ọmọ pé "ẹ kú ewu ọmọ", bí ẹni pé ewu ti tán lọ́jọ́ tó bí i. A jẹ ìrẹsì ìkómọ, a sọ ọ́ lórúkọ, a ná owó síwájú orí ẹ̀, ó parí. Àwọn tó ń fi owó ṣèrànwọ́ láti òkè òkun náà ń kí wa bẹ́ẹ̀. Òǹkà ikú ni wọ́n ń béèrè. Bí òǹkà ikú bá ti wálẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì kọjá.

Mo ní àríyànjiyàn méjì pẹ̀lú òǹkà yẹn ṣá, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo kàn ń kọrin ìyìn. Àkọ́kọ́, ìṣirò ni, kì í ṣe pé ẹnì kan lọ ń ka orí ọmọ láti ilé dé ilé. Ibi tí kò ti sí àkọsílẹ̀ (àwa la pọ̀ jù níbẹ̀), kọ̀ǹpútà ló ń fi ohun tó mọ̀ nípa ibòmíràn ṣírò tibẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò fi èyí pamọ́, àmọ́ àwọn oníròyìn tó ń tún un sọ kì í rántí sọ ọ́. Èkejì ló ká mi lára jù. Wọ́n kó nǹkan mẹ́fà tí kò jọra sínú agbọ̀n kan. Etí tó di nítorí àìsàn tá a lè dènà, ó yẹ ká dènà ẹ̀. Àmọ́ ọ́tísíìmù kì í ṣe ibà tá à ń lé kúrò nílùú. Bí ọpọlọ èèyàn kan ṣe rí ni, láti ìgbà tó ti wà nínú oyún, jíìnì sì kó ipa tó pọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ni ìrànlọ́wọ́, kí ayé má bàa tì í síta. Bí a bá ń sọ gbogbo wọn pa pọ̀ pé "iye náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀", ìyá ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè rò pé òun ni òun ṣe nǹkan tí kò yẹ.

Àwọn ìyá ti rí èyí rí. Ọdún 1943 ni Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé àkọ́kọ́ tó lókìkí lórí ọ́tísíìmù, nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ tó ló ń fà á. Ó pẹ́ kí ìmọ̀ tó lé irọ́ yẹn lọ. Kí àwa náà tó máa fi òyìnbó ṣe ẹlẹ́yà, ẹ rántí pé "ọwọ́ ayé" àti "ìyá ò fẹ́ràn ọmọ tó", ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi.

Nílùú Ìbàdàn, ní UCH, Dókítà Lagunju àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó wá síbi ìtọ́jú ọpọlọ àti iṣan, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2014. Nínú ọmọ 2,320, àwọn 54 ló ní ọ́tísíìmù, 45 ọkùnrin, 9 obìnrin. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ti lé lọ́dún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń rí i pé ọkùnrin pọ̀ ju obìnrin lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ mo ní ìfura tèmi nípa tilé wa. Ọmọbìnrin tó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó ń fi owú dí ìka títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí là ń pè é? "Ọmọ jẹ́jẹ́." À ń yìn ín. Ta ló máa gbé ọmọ jẹ́jẹ́ lọ sí UCH?

Mo ti fẹ́ dé ibi tí mò ń lọ. Iṣẹ́ Olúsànyà tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe òǹkà gbogbo ayé yẹn. Èyí tó ṣe ní Èkó ni, ṣáájú rẹ̀, lórí etí àwọn ọmọ jòjòló. Ní orílẹ̀-èdè olówó, ilé ìwòsàn tí wọ́n bí ọmọ sí ni wọ́n ti ń yẹ etí ẹ̀ wò kó tó lọ sílé. Àmọ́ Èkó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń bí sílé agbẹ̀bí, sí ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, sí yàrá ìyá àgbà. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ sí ilé ìwòsàn, ìlàjì ọmọ ìlú lẹ ò ní rí. Ibo wá ni gbogbo wọn ń gbà kọjá? Ibi abẹ́rẹ́ BCG! Ìyá tó bímọ sí ilé agbẹ̀bí àti èyí tó bí sí ọsibítù olówó ńlá, àwọn méjèèjì máa ń bọ̀ wá fún abẹ́rẹ́ tó ń fi àpá sí ọmọ lápá. Nítorí náà, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àyẹ̀wò etí lọ. Kì í ṣe dókítà ló ń ṣe é o. Àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà ni.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún irú àyẹ̀wò yìí máa ń dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n á ti nǹkan kékeré bọ ọmọ létí, á máa dún tíntín. Etí inú tó yá ò kàn ń gba ohùn, ó máa ń dá ohùn kékeré kan padà síta, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó wà níbẹ̀ ń mì. Ẹ̀rọ náà á gbọ́ èsì yẹn. Bí èsì ò bá wá, wọ́n á ní kí ìyá padà wá fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Ọmọ ò ní láti sọ̀rọ̀, kò ní láti yíjú, ó tiẹ̀ dára jù kó máa sùn.

Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n yìí ló yẹ ká fi ṣe ti ọ́tísíìmù àti gbogbo ìdàgbàsókè ọmọ. Ẹ wo káàdì àjẹsára tiwa. Ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún fún abẹ́rẹ́ éèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ti fi ọjọ́ iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti wọ ọ̀kadà, ó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago méje, ó ti kọrin àjẹsára pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta! Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan nípa ọmọ náà ju "ṣé ara ẹ̀ ò gbóná?" lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé Àkànní dé ibẹ̀ láìsọ́jọ́ kan nù. Káàdì ẹ̀ mọ́ rekete, gbogbo àpótí ni wọ́n ti sàmì sí. Lórí káàdì yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ náà.

Ìbéèrè tí à ń wí yìí ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń pè é ní M-CHAT-R, ogún ìbéèrè ni, fún ọmọ oṣù 16 sí 30, òbí ló ń dáhùn, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Kì í sọ pé ọmọ ní ọ́tísíìmù. Ó kàn ń sọ pé ẹ gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀. Ṣé ọmọ máa ń nàka sí nǹkan láti fi hàn yín? Bẹ́ ẹ bá pè é lórúkọ, ṣé ó ń dáhùn? Bẹ́ ẹ bá wo ibì kan, ṣé òun náà á wò ó?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé Yorùbá, ẹ ti ń rí ibi tí wàhálà wà. Wọ́n bi ìyá kan pé, "Ṣé ọmọ rẹ máa ń wo ojú rẹ?" Ìyá lè dáhùn pé, "Rárá o, mo kọ́ ọ nílé, kì í wo ojú àgbà." Ó rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń béèrè! Wọ́n bi í bóyá ọmọ máa ń bá ọmọlangidi ṣeré, bí kò bá sí ọmọlangidi nílé ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá ó máa ń pọn igò tàbí ìrọ̀rí sẹ́yìn, bóyá ó máa ń fi agolo ṣe mọ́tò, kó máa ké "vùùmù". Ẹ béèrè bóyá bí ìyá ẹ̀ bá ki oríkì ẹ̀, ojú ẹ̀ máa ń yí padà. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ kí ẹnì kan jókòó sí Àbújá kó máa fi Google túmọ̀ ìbéèrè òyìnbó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí wọ́n jọ tún un sọ, kí a sì dán an wò bóyá ó ń mú ẹni tó yẹ kó mú. Iṣẹ́ ìwádìí gidi nìyẹn, ó tó ohun tí èèyàn lè fi gba PhD, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá àkòrí!

Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ibi abẹ́rẹ́ yìí, mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé, "Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ náà ló ń fa ọ́tísíìmù?" Rárá. Andrew Wakefield ló dá iná yẹn sílẹ̀ ní London lọ́dún 1998, pẹ̀lú ọmọ méjìlá péré. Nígbà tó yá, àṣírí tú pé ohun tó kọ nípa àwọn ọmọ náà ò bá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wọn mu. Lọ́dún 2010, Lancet fa ìwé náà ya, wọ́n sì yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní Britain. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ní Denmark gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 657,461. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ éèyi ò ní ọ́tísíìmù ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ohun tó ń bí mi nínú nípa irọ́ yìí ni pé ibi tá a ti lè tètè rí ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ gan-an ló ń lé àwọn ìyá kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá tún rí i lórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí yín, ẹ má kàn fojú fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, nítorí pé bàòkẹ́místírì tèmi wà níbẹ̀. Mo sọ pé ọ́tísíìmù kì í ṣe nǹkan tá à ń dènà. Àmọ́ ìpèníjà kan wà tá à ń fi ọwọ́ ara wa fà, orúkọ ẹ̀ ni káfúrà.

Ẹ mọ káfúrà, àbí? Hóró funfun tá à ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ìyá á kó aṣọ ọmọ pa mọ́ látìgbà oyún, á fi káfúrà sí i kó máa ta sánsán. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ G6PD tó, láàárín ọkùnrin Yorùbá ó tó ọ̀kan nínú márùn-ún. Ẹ́ńsáìmù yìí ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ tuntun tí kò ní in tó bá fa òórùn káfúrà símú, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Nígbà tí wọ́n bá fọ́, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin á kún inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ọmọ ò tíì gbó tó láti kó o dànù, ojú ọmọ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ lè máa yí lódìlódì títí ayé. Lójú ará ilé, ayé ló ṣe é. Káfúrà ni, náírà díẹ̀ lọ́jà.

Wọ́n ń fi iná aláwọ̀ búlúù wo àìsàn yìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù máa ń yí bilirubin padà sí ohun tí ara lè tọ̀ dànù. Nọ́ọ̀sì kan ní Rochford, ní England, Jean Ward, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní ọdún 1956 pé ibi tí oòrùn ti tan sí ọmọ lára ń mọ́ ju ibi tí aṣọ bò lọ. Àmọ́ iná ń fẹ́ NEPA, ẹ sì mọ NEPA. Nítorí náà, Tina Slusher, Olúsànyà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dán nǹkan kan wò ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Èkó: wọ́n ta àtíbàbà tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, ọ̀rá tó ń dí ìtànṣán tó léwu lọ́nà, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù inú oòrùn kọjá. Ìyá àti ọmọ jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ìwádìí náà jáde nínú New England Journal of Medicine lọ́dún 2015: oòrùn sísẹ́ yìí ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ìtọ́jú, iná ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Oòrùn Èkó ò rẹ̀yìn fún ẹ̀rọ! Ẹ má wá torí èyí gbé ọmọ tójú ẹ̀ pọ́n sí oòrùn lásán lẹ́yìnkùlé o. Ọ̀rá yẹn ni iṣẹ́ náà, àti dókítà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní láàbù ka ohun tí mo kọ dé ibí, ó ní, "Ó dáa, wọ́n bi ìyá ní ìbéèrè, wọ́n rí i pé ọmọ ní ọ́tísíìmù. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Dókítà tó mọ̀ ọ́n mélòó la ní? O kàn fún ìbànújẹ́ ẹ̀ lórúkọ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí pé òótọ́ wà nínú ẹ̀. Àwọn tó lè ṣe àyẹ̀wò tó dájú kéré, ìlú ńlá ni wọ́n sì wà. Ilé ẹ̀kọ́ àdáni tó ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, owó wọn ga ju owó ilé lọ. Òfin wà o: Èkó ti ní tiẹ̀ láti 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì gba ìbuwọ́lù ní oṣù kìíní 2019, ó sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ní ìpèníjà títí dé girama. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi mẹ́ta ló ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá ibòmíràn.

Síbẹ̀ mi ò gbà. Orúkọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣáájú kí ẹ̀gbọ́n mi tó mọ orúkọ yẹn, ó máa ń na ọmọ náà torí pé "ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́". Ó ti dáwọ́ dúró. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ṣe ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún òbí àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án, èyí tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè fi kọ́ wọn: bí wọ́n á ṣe bá ọmọ ṣeré lórí ohun tí òun fúnra ẹ̀ fẹ́ràn, bí wọ́n á ṣe fi iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná. Ọpọlọ ọmọ ọdún méjì ṣì ń tò lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí oṣù mẹ́jọ tí mo fi ṣòfò ṣe ń dùn mí. Bí a bá sì ní ká dúró títí dókítà á fi pọ̀ tó kí a tó máa wá àwọn ọmọ náà, ta ni ìjọba máa rí tó fi máa gba dókítà sí iṣẹ́? Ẹni tí a ò kà, a ò ní se oúnjẹ dè é.

Lóṣù tó kọjá wọ́n yẹ etí Àkànní wò. Etí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, kódà bó bá ń gbọ́ ariwo ọ̀rá Indomie, torí ọmọ lè gbọ́ ìró kan kó má gbọ́ òmíràn. Etí ẹ̀ méjèèjì pé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun sunkún.

Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ láti rí dókítà tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó ní kí n bá òun lọ, kí n mú ìwé dání, kí n máa kọ gbogbo ohun tí dókítà bá sọ sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá bi wá ní ìbéèrè, òun ni òun máa dáhùn. Ó tún ní bí mo bá dárúkọ Einstein níbẹ̀, òun á lé mi síta.